Bàbá Àyálò

"Tún un sọ, Morìnsọ́lá! Tún un sọ kí etí mi gbọ́ ọ dáadáa. Èmi Mọ́rúfù, mo wà láàyè, mo jẹ ẹ̀bà lánàá, mo tún jẹ ẹ́ lónìí, o wá lọ yá bàbá fún ọmọ mi?"

Ohùn rẹ̀ gba inú yàrá kọjá, ó bọ́ sí àgbàlá níbi tí àwọn ayálégbé tó ń fọṣọ ti jọ gbé ọwọ́ kúrò nínú ọṣẹ kí wọ́n lè gbọ́ èyí tó kù. Ní Ajégúnlẹ̀, ìjà tọkọtaya kì í ṣe ti tọkọtaya nìkan. Gbogbo ojúlé ló ní ìpín níbẹ̀.

Morìnsọ́lá kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ, abẹ́rẹ́ ń sọ kakaka bí adìẹ tó rí àgbàdo.

"Bàbá Fọláyọ̀, ta ló ní ẹ ti kú? Gẹ̀ẹ́sì yín ni mo ní ó kú. Ẹ̀yin fúnra yín, ara yín le."

Ó ń fi ẹnu bọ̀wọ̀ fún un, ó sì ń fi ẹnu kan náà gún un lọ́kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó gbọ́n ṣe ń bú ọkọ, tí ẹbí ọkọ kò fi ní í rí ibi mú un.

"Kóòtù ta lò ń rán yẹn?"

"Ti bàbá Fọláyọ̀ ni."

Mọ́rúfù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí àga rẹ̀ kò wù ú í jókòó sí mọ́, nítorí orí àga náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti wọ́ọ̀fù Àpápá dé, níbi tó ti ń ru àpò sìmẹ́ńtì láti òwúrọ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí wọ́n kùn lẹ́fun, ó sì bá Tíṣà Dickson lórí àga onítìmùtìmù tó wà lábẹ́ fèrèsé, èyí tí Morìnsọ́lá alára kì í fi ìdí kàn. Tíṣà gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Fọláyọ̀, ọmọ obìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, dúró níwájú rẹ̀, ó ń pè é ní Papa, Tíṣà sì ń ní kó tún un pè, kó jẹ́ kó ti imú jáde díẹ̀. Mọ́rúfù padà sí kọ́rídọ̀ lọ ka ilẹ̀kùn, bóyá yàrá ẹlòmíràn lòun ṣì wọ̀. Yàrá òun ni.

Ẹni tí kò bá mọ Tíṣà Dickson láyé ìgbà náà, àlejò ni ní Ajégúnlẹ̀. Ọdún kejì rèé tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi òsì sílẹ̀ kí wọ́n máa gba ọ̀tún, tí àwọn ọ̀gá ń pariwo lórí rédíò pé a ti kúrò lẹ́yìn òyìnbó. Tíṣà kò tíì kúrò níbì kankan. Abẹ́ páànù kan nítòsí Bọ́ndárì ló ti ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, ó sì fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ibẹ̀ sára pátákó gbọ̀ọ̀rọ̀: Àkádẹ́mì Ọbabìnrin Fìkítóríà. Bó ti máa ń wí, bàbá tó bí bàbá ìyá rẹ̀ kàwé ní Èkó nígbà tí Ọbabìnrin yẹn ṣì wà lórí oyè, nígbà tí àwọn Sàró ọlọ́lá ń gba olùkọ́ sílé kó wá kọ́ ọmọ wọn ní dùùrù, ní ìtẹríba, àti ní bí a ṣe ń di ife tíì mú. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún gan-an, láìyọ ẹyọ kan kúrò, lòun wá ń tà fún ọmọ lébìrà àti ọmọ awakọ̀ akẹ́rù.

Tí òjò bá rọ̀, omi kànáà á wọ abẹ́ páànù. Àwọn ọmọ á gbé ẹsẹ̀ wọn sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa fi orin ka gbogbo ìlú tí odò òyìnbó kan ń ṣàn gbà kọjá kó tó dé òkun. Ibi tí omi tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tiwọn ti ń bọ̀, àti ohun tó gbé dání tó ń rùn bẹ́ẹ̀, kò sí nínú ẹ̀kọ́. Wọ́n mọ bí a ti ń tẹríba fún ọbabìnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá àgbà wọn. Wọ́n mọ bí a ti ń na ọmọńdinrín sókè nígbà tí a bá gbé ife sẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú ife.

Ó sì ń nà wọ́n. Èyí ni àwọn òbí fẹ́ràn jù lọ. Òbí tí kò mọ̀ bóyá orí A ló wà lókè tàbí ìdí rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọmọ òun ń kẹ́kọ̀ọ́? Ẹ̀yìn ọmọ ni yóò wò. Bí ẹ̀yìn bá ti lápá, ìwé ti wọlé.

Fọláyọ̀ ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé ìwé girama kan ní Àpápá, ó yege. Orí ara rẹ̀ ló fi yege. Láti kékeré ló ti ń ka ohunkóhun tó bá ní lẹ́tà lára, ara agolo mílíìkì, ara àpò sìmẹ́ńtì, ara pépà tí wọ́n fi wé àkàrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì jáde, Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń kí kú oríire, ó sì ń dá wọn lóhùn bí ẹni tó bímọ tuntun.

Ó wá ku intafíù. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti rí ọjà mìíràn tà. Ó pe Morìnsọ́lá sẹ́yìn páànù, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní pírínsípà ilé ìwé yẹn kì í wo ọmọ, bàbá ló ń wò. Bàbá tó bá la ẹnu tí gẹ̀ẹ́sì wọ́ tuurutu jáde, ìwé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n máa fi dáná tíì. Ó ní òun kò jẹ́ ṣe irú nǹkan báyìí fún ẹlòmíràn láéláé, ṣùgbọ́n nítorí làákàyè Fọláyọ̀, òun yóò tẹ̀ lé wọn lọ, òun yóò jẹ́ bàbá fún ọjọ́ kan. Kí Madam má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn ìyá yòókù, torí aráyé kì í fẹ́ oríire ẹni. Ohun kan ṣoṣo ló kù: bàbá tó ń lọ sí Àpápá kò lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ya ní kọ́là. Ó wo téèpù ìwọnṣọ tó wà lọ́rùn Morìnsọ́lá. Morìnsọ́lá náà wò ó. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ má tíì fi Morìnsọ́lá ṣe ẹlẹ́yà. Bàbá tirẹ̀ yọ ọ́ kúrò nílé ìwé ní ìwé kejì, ó ní ìdí ààrò ni ìwé obìnrin ń parí sí, ó sì fi àyè rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ìwé ṣe títí dòní. Bí lẹ́tà bá ti ilé wá, Morìnsọ́lá ní láti gbé e káàkiri ojúlé kó tó rí ẹni tó máa bá a kà á. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, gbogbo àgbàlá ti mọ̀, wọ́n ti ń fi ojú àánú wò ó, kí òun tó mọ ẹni tó kú. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé Fọláyọ̀ kò ní í gbé lẹ́tà rìn. Bí wọ́n bá ní kó yá bàbá mẹ́wàá nítorí rẹ̀, yóò yá wọn, yóò sì rán kóòtù fún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ohun tó sọ fún Mọ́rúfù nìyẹn nígbà tí ariwo rọlẹ̀. Mọ́rúfù gbọ́ ọ.

"Mo ń bá yín lọ," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ bàbá ọmọ mi, kó jẹ́ ẹ lójú mi."

Tíṣà kò tilẹ̀ bínú sí i nígbà tí wọ́n sọ fún un. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni ńlá kì í dá rìn. Kí Mọ́rúfù tẹ̀ lé wọn bíi dírẹ́bà. Morìnsọ́lá bá fi àṣẹ́kù káàkí rán ẹ̀wù àti ṣòkòtò fún un, ó gé fìlà rẹ̀ lé e. Mọ́rúfù kò wa kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n ní ó ń wà náà kò sí. Tíṣà ní ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́, pé ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ti rí dírẹ́bà kì í bèèrè mọ́tò. Kí ẹni tó bá ní irọ́ ló pa jáde síta.

Mọ́rúfù wọ káàkí náà wò, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Fọláyọ̀ lọ bá a tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ intafíù, Tíṣà ní kí wọ́n pàdé òun níbẹ̀, ẹsẹ̀ sì ni Morìnsọ́lá, Mọ́rúfù àti Fọláyọ̀ fi rìn dé Àpápá. Wọ́n bọ́ bàtà dání nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ Ajégúnlẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà Màlúù, àárín akẹ́rù tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀, títí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀nà ti mọ́, tí igi ti ń ṣíji bo ilé, tí ajá tó ń gbó ní géètì sanra ju ọmọ èèyàn lọ. Wọ́n nu ẹsẹ̀ lára koríko kan, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n di ẹni ńlá.

Pápá ilé ìwé náà tẹ́jú, a gé koríko rẹ̀ bí irun ọkọ ìyàwó. Òfin pírínsípà ló fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ Yorùbá tàbí èdè ìyá rẹ̀ mìíràn nínú ọgbà, àdá ni wọ́n máa gbé fún un. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kì í yé é sọ èdè ìyá rẹ̀, koríko kò ráyè hù.

Ìyàlẹ́nu Morìnsọ́lá ni pé kò dá wà lórí bẹ́ǹṣì ìta ọ́fíìsì. Eucharia tó ń ta òkìrìká wà níbẹ̀ pẹ̀lú Uche ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Onome tó ń yan ẹja wà níbẹ̀ pẹ̀lú Friday tirẹ̀. Abẹ́ páànù Tíṣà kan náà ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń na ọmọńdinrín sókè. Àwọn obìnrin kí ara wọn tìfura-tìfura. Morìnsọ́lá ń káàánú wọn nínú ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkọ Eucharia ń wa akẹ́rù lọ sí Kano, ọkọ Onome sì ń bá ọkọ̀ ẹja lọ sójú òkun. Gẹ̀ẹ́sì wo ni irú wọn fẹ́ sọ níwájú pírínsípà? Kò mọ̀ pé ojú àánú yẹn náà ni àwọn méjèèjì fi ń wo òun.

Eucharia bi í léèrè ọkọ rẹ̀. Ó ní ó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì. Eucharia ní ti òun náà ń bọ̀ láti ọ́fíìsì, pé táì ni ọkùnrin náà ń dè sùn. Onome, kí wọ́n má bàa fi ọ́fíìsì gba iwájú rẹ̀, ní ọkọ tòun kì í wọ bàtà tó bá ti lé lọ́dún kan, àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já tuntun fún un nínú páálí. Ó wá fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọkùnrin oníkáàkí tó dúró ti òpó.

"Who be dis one?"

"Dírẹ́bà wa ni," Morìnsọ́lá dáhùn.

Mọ́rúfù gbọ́. Ó yí fìlà rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún.

Akọ̀wé kan jáde, ó ní kí gbogbo òbí fetí sílẹ̀. Ó ní ní ọdún tó kọjá, àwọn ọlọ́lá kan kó ọmọ wá láti inú ilé wọn bí ẹni kó adìẹ, wọ́n gba kíláàsì tán. Nítorí náà, lọ́dún yìí, bàbá kan, ọmọ kan. Wọ́n sì máa ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò bá yọjú, àyè rẹ̀ ti bọ́. Morìnsọ́lá ṣe àmín sí òfin náà. Ó ní òfin tó dára ni, pé ọlọ́lá ti rẹ́ àwọn jẹ pẹ́.

Ẹ gbọ́ báyìí o: Tíṣà kò ya òmùgọ̀. Ó ti ṣètò rẹ̀. Obìnrin kìíní, ó ní kó wá ní òwúrọ̀. Èkejì, kó wá lọ́sàn-án. Ẹ̀kẹta, kó wá tí oòrùn bá rọ̀. Láàárín wọn yóò ráyè lọ mu omi, yóò padà wá jẹ́ bàbá ẹlòmíràn. Ohun tó gbàgbé ni irú àwọn tó ń bá lò. Ibikíbi tí àyè bá ti kéré, ará Ajégúnlẹ̀ kì í dúró de aago. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti ń tò síbẹ̀. Ẹni tó dàgbà sídìí ẹ̀rọ omi tí gbogbo àdúgbò ń du, ta ni yóò ní kó wá lọ́sàn-án?

Ó gba géètì wọlé, ó ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ gbẹ́rẹ́-gbẹ́rẹ́. Obìnrin mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Fọláyọ̀."

"Papa Uche, welcome."

"Papa Friday, you don come?"

Morìnsọ́lá wo kóòtù aláwọ̀ eérú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Lábẹ́ kóòtù ló ti rí táì tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì wo ilẹ̀, ó rí bàtà tuntun tó ń dán. Àwọn yòókù náà ń wò láti òkè délẹ̀, láti ilẹ̀ dókè. Ó yé gbogbo wọn. Obìnrin mẹ́ta ló jọ wọ ọkùnrin kan láṣọ.

Ibi tí ọ̀kan nínú wọn ì bá ti ké, ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ti ṣí, tí pírínsípà yọ nínú gáùn dúdú rẹ̀ bí ẹyẹ igún. Gbogbo wọn gbé ọ̀rọ̀ wọn mì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pàdánù.

Pírínsípà ti gbọ́ ìkíni náà. Ó wo Tíṣà, ó wo àwọn obìnrin, ó bèèrè lédè gẹ̀ẹ́sì bóyá tirẹ̀ ni gbogbo wọn. Tíṣà tẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni tí Ọbabìnrin Fìkítóríà dúró níwájú rẹ̀, ó ní nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yá bàbá nìyẹn. Pírínsípà kò tún bi bàbá kankan ní ìbéèrè mìíràn lọ́jọ́ náà. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó bá mọ "yes" ì bá dáhùn rẹ̀.

Wọ́n wọlé. Mọ́rúfù tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, pírínsípà sì bèèrè ẹni tó jẹ́.

"Dírẹ́bà wa ni, sà," Morìnsọ́lá tètè dáhùn. "Ẹ má dá a lóhùn. Kò gbọ́ ohunkóhun tí ẹ bá ń sọ."

Mọ́rúfù dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Pírínsípà na ìwé ìròyìn sí àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Uche kà á, ó dára. Friday kà á, ó dára díẹ̀. Nígbà tó kan Fọláyọ̀, ó kà á bí ẹni ń bu omi mu, pírínsípà ní kó ṣe àlàyé, ó ṣe é, pírínsípà bọ́ awò ojú rẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Morìnsọ́lá kò gbọ́ èyí tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí awò ojú náà lórí tábìlì, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Pírínsípà gbé ọwọ́ lé ìwé. Ó kí Tíṣà pé ó bí ọmọ tó gbọ́n, láti ara ìyá wo ni ì báà jẹ́. Ó ní gbogbo wọn ni òun ì bá gbà. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin: bàbá kan, ọmọ kan. Kí Ọ̀gbẹ́ni Dickson mú ẹyọ kan.

Tíṣà nu iwájú orí. Ó wo kóòtù, ó wo bàtà, ó di táì rẹ̀ mú bí ẹni tó ń rì tó rí okùn. Bóyá ohun tó sún mọ́ ọ̀fun rẹ̀ jù ló ràn án lọ́wọ́, n kò mọ̀.

Ó ní, "Uche, sà. Ọkùnrin ni. Àkọ́bí ọkùnrin." Ó fi gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ó sì tún fi Yorùbá sọ ọ́ kí àwọn ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́. Ó ní ní ti obìnrin, wọn á ṣáà lọ́kọ.

Ọ̀rọ̀ ìdí ààrò tún dé. Ohùn kan náà tí bàbá Morìnsọ́lá fi sọ ọ́ ní ọjọ́ tó gba síléètì lọ́wọ́ rẹ̀.

Onome ló kọ́kọ́ fọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ Tíṣà mú, ó ní kó bọ́ bàtà òun kíá, pé ẹni tó jẹ́ bàbá Uche kó lọ wọ bàtà Uche. Bàtà kan bọ́. Ìbọ̀sẹ̀ Tíṣà la ẹnu, àtàǹpàkò yọjú láti inú rẹ̀. Eucharia di táì mú láti òkè, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ òun níwájú pírínsípà, pé wọ́n ti pe orúkọ ọmọ òun, ó ti parí. Ọ̀kan ń fà á nílẹ̀, ọ̀kan ń fà á lọ́rùn. Ìtẹríba tó kọ́ láti ìdílé àwọn Sàró kò ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin wèrè wọ̀nyí, kí lẹ fi ọ́fíìsì mi ṣe?" Pírínsípà ló pariwo bẹ́ẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé, Yorùbá tó kún fún iyọ̀. Gẹ̀ẹ́sì dára fún ìkíni. Tí inú bá bí èèyàn tán, èdè ìyá rẹ̀ ló ń sáré jáde. Kò sí ẹni tó gbé àdá fún un.

Morìnsọ́lá bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀.

"Sà, ẹ dákun. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọkọ mi. Kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni níbí. Tíṣà lẹ́sìn àwọn ọmọ ni."

Pírínsípà yí sí Tíṣà. Tíṣà ń wo àtàǹpàkò rẹ̀.

Pírínsípà ní kí Eucharia àti Onome jáde lọ wá ọkọ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀kan wà lọ́nà Kano, ọ̀kan wà lójú òkun. Wọ́n di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde, Onome gbé bàtà ẹsẹ̀ kan dání. A gbọ́ ohùn wọn títí dé géètì, wọn kò sì bá pírínsípà jà níbẹ̀ o. Àwọn méjèèjì ló ń bá ara wọn jà.

"Ìwọ ńkọ́?" Pírínsípà bi Morìnsọ́lá. "Ta ni bàbá ọmọ yìí?"

Morìnsọ́lá na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Àwọn nìyẹn, sà."

"Dírẹ́bà?"

"Kì í ṣe dírẹ́bà, sà. Ọkọ mi ni. Wọ́ọ̀fù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́."

"Ìyáàfin, bàbá méjì lẹ ti fún ọmọ kan lórí ìjókòó kan ṣoṣo. Tí mo bá jẹ́ kí ẹ pẹ́ díẹ̀ sí i, akọ̀wé mi náà á di bàbá rẹ̀." Ó gbé kálàmù, ó sì tún gbé e kalẹ̀. "N kò gba ẹ̀rí lẹ́nu yín mọ́. Ẹnu ọkùnrin yẹn ni mo ti máa gbọ́ ọ. Tó bá ní kì í ṣe òun, mo ti ìwé nìyẹn."

Morìnsọ́lá yí orúnkún rẹ̀ padà lórí sìmẹ́ńtì, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò wo ọkọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Bàbá Fọláyọ̀," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má wo tèmi. Ẹ sọ fún wọn."

Mọ́rúfù ṣí fìlà. Ẹfun sìmẹ́ńtì ṣì wà ní gbòǹgbò irun rẹ̀, ibi tí ọṣẹ kì í dé. Fọláyọ̀ kúrò níwájú tábìlì láìdúró kí wọ́n pè é, ó lọ dúró ti bàbá rẹ̀, ó sì di apá káàkí náà mú. Pírínsípà wo imú ọmọ, ó wo imú dírẹ́bà. Ọ̀kan náà ni, bí ẹni fi tẹ̀ ẹ́ láti inú mọ́ọ̀dù.

"Ọmọ mi ni, sà," Mọ́rúfù ní. "Fọláyọ̀ Mọ́rúfù lorúkọ rẹ̀. Èmi ni mo bí i, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, lébìrà ni mí ní wọ́ọ̀fù."

"Ó tó," ni pírínsípà wí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Ó ní ọmọ náà ti wọlé, kí wọ́n mú un wá ní ọjọ́ tí ilé ìwé bá wọlé, kó wá pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti garawa. Morìnsọ́lá fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ pírínsípà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn.

Pírínsípà tún tẹ kálàmù bọ inú yíǹkì. Ó ku ìlà kan nínú ìwé. Ó fi ìdí kálàmù tọ́ka sí obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyá ọmọ nìyí?"

Mọ́rúfù dé fìlà rẹ̀ padà, ó tún un ṣe kó lè dúró déédéé. Ó wo Morìnsọ́lá, ó wo Tíṣà Dickson tó dúró sí kọ̀rọ̀ nínú kóòtù eérú àti bàtà ẹsẹ̀ kan, ó sì di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Rárá, sà. Ìyàwó Tíṣà nìyẹn."